Orúkọ Tí Mátíù Ń Pè Ní Ìdájí

Màmá Ẹ̀bùn ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Mátíù fún mi, kí n tó fi ojú ara mi rí i. À ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi kan, òjò wẹ́ẹ́rẹ́ ń rọ̀, a dúró de bọ́ọ̀sì ní Goresbrook, nílùú òyìnbó níbí. Màmá ti fi kóòtù rẹ̀ bo sùtánà funfun tó wọ̀ kí ẹrẹ̀ má baà ta sí i. Ó fi ìgbúnwọ́ tọ́ mi.

Ó ní, "Délé, ẹni tó gba yàrá òkè lọ́wọ́ mi yìí, ará Rọ́ṣíà ni o. Ṣùgbọ́n mo ń sọ fún ọ, wòlíì ni."

Mo rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ti tún rí wòlíì tuntun?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, á dìde, á máa rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, á máa pe orúkọ àwọn áńgẹ́lì. Mo ń gbọ́ ọ láti yàrá tèmi tó fara ti tirẹ̀. Ó ń pe Mìháílì. Máíkẹ́lì nìyẹn, àbí kì í ṣe òun? Àwọn yòókù ni mi ò gbọ́ rí, láti ọjọ́ tí mo ti wọ aṣọ funfun."

"Ṣé ẹ ti bi í léèrè?"

"Ta ní ń bi wòlíì léèrè àdúrà rẹ̀? Èmi náà ti ń pè wọ́n ní tèmi. Láti ìgbà tí mo sì ti ń pè wọ́n, orúnkún mi yìí ti fúyẹ́."

Báyìí ni mo ṣe kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Ìgbà yẹn, àjàkálẹ̀ kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wá sílẹ̀ ni, owó gáàsì ń gun òkè, ogun sì ti bẹ́ sílẹ̀ níbi tí ọkùnrin náà ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tí ẹ máa ń ní kí n sọ bí a ṣe ja ìjà River Road fún yín, mo mọ̀ pé Kúnlé lẹ máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Kúnlé ṣe é, mi ò ní fi ìyẹn dù ú. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tí orúkọ tirẹ̀ bàjẹ́ nínú ìjà yẹn, tí àwọn tó mọ òótọ́ kò sì lè tún un ṣe. Òun ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-ń-sáré-sọ, kò sì gbọdọ̀ jáde kúrò níbí.

Ilé iṣẹ́ wa ní River Road nígbà náà, sáńwíìsì la ń dì níbẹ̀, tí wọ́n á fi ọkọ̀ kó lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù. Inú rẹ̀ tutù bí inú fìríìjì, torí fìríìjì ni lóòótọ́. Èèyàn á wọ ṣòkòtò méjì, á wọ bàtà rọ́bà, á fi àwọ̀n bo irun, ìka ọwọ́ á sì tún máa ro ó. A ò kùn sí ìyẹn. Ohun tó mú wa kùn ni ìgbà tí mánéjà tuntun dé, tó ní kò ní sí pé ẹnikẹ́ni mọ ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ìdájí ni wọn yóò máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù: bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ọ, o ní iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, bí wọn kò bá fi ránṣẹ́, padà sórí ibùsùn. Àwọn ìyá ọlọ́mọ á ti wọ aṣọ tán, wọ́n á jókòó sétí àga, wọ́n á máa wo fóònù bí ẹni ń wo ojú aláìsàn.

Inú bí gbogbo wa, ṣùgbọ́n a ò lè sọ̀rọ̀ papọ̀. Àwa ọmọ Yorùbá ń jókòó síbìkan, àwọn ará Bàngíládẹ́ṣì síbìkan, àwọn ará Lìtúéníà àti Mọ̀ldófà síbòmíràn. Wọ́n ní mánéjà ti sọ pé òun ò bẹ̀rù wa, pé àwa tí a ò lè jọ bèèrè ìyọ̀ lọ́wọ́ ara wa, báwo la ṣe fẹ́ jọ yanṣẹ́ lódì?

Mátíù ló lè so wá pọ̀. Matifeyi lorúkọ rẹ̀ gan-an. Màmá Ẹ̀bùn ló ní Mátíù ni nínú Bíbélì, gbogbo wa sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀ léjìká. Iṣẹ́ tiwa náà ló ń ṣe, àwọn ẹ̀jẹ́ńsì, ìyẹn àwọn tó ń yá ilé iṣẹ́ ní òṣìṣẹ́, ló gbé e wá. Ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àwọn ará ìlà-oòrùn Yúróòpù tó wà lọ́dọ̀ wa sì gbọ́ èdè Rọ́ṣíà tó ń sọ. Ṣùgbọ́n kì í bá ẹnikẹ́ni jókòó. Lẹ́bàá ẹ̀rọ tó ń ta ṣúkólétì ní kántíìnì, ibẹ̀ ni tirẹ̀, òun àti ife tíì tí kò ní mílíìkì.

Mo mú búrẹ́dì mi lọ bá a lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Bàbá, Màmá Ẹ̀bùn ní ẹ máa ń gbàdúrà."

Ó wò mí títí. "Rárá o. Mi ò mọ àdúrà kankan."

Irẹ́na ló wá tú ọ̀rọ̀ náà fún mi. Obìnrin Lìtúéníà ni Irẹ́na, ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Rọ́ṣíà, ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ló máa ń dúró sí nídìí ẹ̀rọ. Ó ní, "Ìwọ ò mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. Akéwì ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bó bá ń ka ewì lórí tẹlifíṣọ̀n, bàbá mi á ní kí gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá mi mọ ewì rẹ̀ sórí bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, aláṣẹ kan jẹ lọ́dọ̀ wọn, ó lọ kéwì yin aláṣẹ náà. Wọ́n fi ewì yẹn sínú ìwé ilé ìwé, gbogbo ọmọdé ló ń kà á. Lọ́jọ́ tí bàbá mi gbọ́ ọ, ó pa tẹlifíṣọ̀n."

"Kí ló wá ń ṣe níbí?"

"Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ó ní ogun náà kò dára. Ó di ọ̀dàlẹ̀ lójú àwọn ará ilé. Àwọn tó ti sá jáde ṣáájú rẹ̀ náà ò sì gbà á; wọ́n ní ẹnu tó fi yin aláṣẹ kò tíì gbẹ. Kò sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Bàbá tó bí bàbá mi, onírárà ni. Ààfin ló ti ń jẹun. Ó máa ń dúró lẹ́nu géètì ọba lówùúrọ̀, á máa ki gbogbo ọba tó ti jẹ, títí á fi kan èyí tó wà lórí oyè. Mo sọ èyí fún Mátíù nígbà tí mo tún padà lọ jókòó tì í. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbé orí sókè.

Ó bi mí pé, "Bí ọba tí bàbá bàbá rẹ ń yìn bá wá di ìkà ńkọ́?"

"Á máa kì í lọ. Ṣùgbọ́n á fi ìkà rẹ̀ sínú oríkì. 'Ọba tó ní kí wọ́n lọ pọn omi, tí àwọn tó lọ pọn ọ́n kò padà dé.' Ọba á máa mi orí, á rò pé wọ́n ń yin òun. Ọba á kú, oríkì á sì kù nílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Èmi ò gbọ́n tó bàbá bàbá rẹ. Èmi yin aláṣẹ wa, mo sì gbà á gbọ́. Àwọn ọmọ tó kọ́ ewì mi nílé ìwé, àwọn náà gbà á gbọ́. Nígbà tí wọ́n dàgbà, àwọn ni wọ́n kó lọ sójú ogun."

A jọ mu tíì wa títí agogo fi dún.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa ṣe. Bí mo bá sọ̀rọ̀ fún àwọn tiwa, òun á sọ ọ́ fún àwọn ará ọ̀hún, Irẹ́na á tẹ̀ lé e. Àwọn ará Bàngíládẹ́ṣì náà ń gbọ́ tirẹ̀, torí kì í pariwo. Nígbà tó tó àsìkò láti yan agbẹnusọ tí yóò jókòó dojú kọ mánéjà, mo gbé orúkọ rẹ̀ kalẹ̀. Kúnlé náà gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Peckham níbí ni wọ́n bí Kúnlé sí. Ìyá àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ, Yorùbá dán lẹ́nu rẹ̀, ó sì ní ìgboyà. Ó sọ fún mi lójú mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n kí bàbá tí kò lè jẹun pẹ̀lú èèyàn máa wá sọ̀rọ̀ fún èèyàn? Kò jọ ọ́."

Ìbò ku díẹ̀ tí fídíò kan fi wọ orí fóònù gbogbo wa. A ò mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, títí di òní. Mátíù ni, irun rẹ̀ ṣì dúdú, ó dúró lórí pèpéle níwájú ogunlọ́gọ̀ èèyàn, ó ń kéwì. Nígbà tó parí, aláṣẹ yẹn dìde, ó gbá a mọ́ra, ó fi ẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹni tó fi ránṣẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: agbẹnusọ yín rèé.

Lọ́jọ́ kejì, bí Mátíù ṣe wọ kántíìnì ni ariwo rọlẹ̀. Ó gbé tíì rẹ̀, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ṣúkólétì bíi ti àtẹ̀yìnwá.

A pe ìpàdé. Ibi tí a rí ni ṣọ́ọ̀ṣì Màmá Ẹ̀bùn, tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní ẹ̀yìn River Road. Màmá ló ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ bọ́ bàtà. Ilẹ̀ mímọ́ ni. Mi ò bá ẹ̀sìn yín wí, bàtà yín ni mo ń bá wí." Ará Lìtúéníà bọ́ bàtà, ará Bàngíládẹ́ṣì bọ́ bàtà, ọmọ Yorùbá tó ń ṣe Pẹ́ńtíkọ́stà kùn díẹ̀, òun náà bọ́ ọ. Bí gbogbo wa ṣe jókòó pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nìyẹn, ìbọ̀sẹ̀ ẹlòmíràn lu, ẹ̀rín ń pa wá. Ìgbà yẹn la jọ rẹ́rìn-ín mọ.

Kúnlé dìde. Ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí tábìlì, ó ní òun fẹ́ gba ìpàdé náà sílẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè wò ó. Ó wá dojú kọ wa.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ni mo ní. Ẹni tí ọba ti fẹnu kò lẹ́rẹ̀kẹ́ rí, bí ẹ bá rán an sí mánéjà, ṣé kò ní lọ yin mánéjà bọ̀?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Á ní mánéjà ga bí igi àràbà!"

"Kí ó fèsì!" ni ẹlòmíràn wí.

Gbogbo ojú yí sí Mátíù. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó wolẹ̀. Mo fi gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún mi." Ó mi orí pé rárá. Ó ní, "Òótọ́ ni fídíò náà. Èmi ni. Kí ni mo fẹ́ sọ?" Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn tó dákẹ́, ó ti gbà pé òun jẹ̀bi. Mo rí i bí ìbò náà ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ibi tí Màmá Ẹ̀bùn ti ń po tíì fún wa ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé kẹ́tù sílẹ̀. Ó rìn wá sáàárín gbọ̀ngàn, ó ní, "Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bú? Ẹni tó ń bá áńgẹ́lì sọ̀rọ̀ lẹ ń fi ṣe ẹlẹ́yà? Ó dára. Bí òun ò bá ní sọ̀rọ̀, àwọn tó ń pè á sọ̀rọ̀ fún un."

Ó kúnlẹ̀. Ó di ojú. Ó bẹ̀rẹ̀.

Mìháílì, ló kọ́kọ́ pè. Andiréì. Ílíyà. Lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀rọ̀ kan á tẹ̀ lé e tí èmi ò gbọ́, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á tún gòkè, bí ìgbà tí wọ́n bá ń kọ Sáàmù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin Ìjẹ̀bú tí kò gbọ́ èdè Rọ́ṣíà rárá ni, ṣùgbọ́n ó ti fi etí gbà á láti ẹ̀yìn ògiri, láràárọ̀, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Àwa tiwa ń wò ó bí ẹni tí ẹ̀mí gbé. Ìgbà tí mo yíjú sí àwọn ará Lìtúéníà àti Mọ̀ldófà ni mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan láàárín wọn ti ṣí fìlà. Omi ti ń bọ́ lójú Irẹ́na.

Mo ní, "Irẹ́na, kí ló ń sọ?"

Ó fi ohùn kẹ́lẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún mi, bí màmá ṣe ń lọ. "Kì í ṣe áńgẹ́lì. Àwọn ọmọ ilé ìwé ni. Ó ní, èmi ni mo kọ́ ọ lórin tí o kọ lọ sójú ogun, dìde, ilẹ̀ ti mọ́. Ó ń pe àwọn tó kú, ó ń jí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan." Ó fetí sílẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Ó tún ń pe àwọn tó kọ̀ láti lọ. Ó ń pe àwọn tó fi wọ́n pamọ́, obìnrin tó ṣí àjà ilé rẹ̀ fún wọn, orúkọ abúlé rẹ̀..."

Kò tíì parí rẹ̀ tí Mátíù fi fò dìde. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ sáré kọjá láàárín àga, ó wólẹ̀ lórí orúnkún níwájú màmá, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu.

Gbọ̀ngàn dàrú. "Ó fọwọ́ bo màmá lẹ́nu!" Àwọn ọmọ wa méjì mẹ́ta ti dìde sí i. Kúnlé ti ká apá aṣọ. Màmá Ẹ̀bùn fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, torí ó rí ojú ọkùnrin náà.

Mátíù ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn kan nínú wọn wà láàyè. Bí àwọn aláṣẹ bá gbọ́ ọ, wọ́n á lọ kó wọn."

Màmá yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu jẹ́jẹ́. "Mátíù. Èèyàn ni wọ́n?"

"Èèyàn ni wọ́n."

"Háà. Mo sì ń ní kí wọ́n wo orúnkún mi sàn."

Ìgbà yẹn ni gbogbo wa rántí fóònù tó wà lórí tábìlì. Iná pupa rẹ̀ ṣì ń tàn. Irẹ́na ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Rọ́ṣíà bá Mátíù sọ̀rọ̀, ó ń pariwo, ó wá yí i sí gẹ̀ẹ́sì kí gbogbo wa gbọ́.

"Jẹ́ kó jáde! Gbogbo àwọn tó ń pè ọ́ ní ajá aláṣẹ, kí wọ́n gbọ́ eléyìí. Bàbá mi, kó gbọ́ eléyìí. Orúkọ rẹ á padà mọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo!"

Mátíù ní, "Orúkọ mi ẹyọ kan ni. Tiwọn pọ̀."

Ẹnìkan dá a lábàá pé ká yọ àwọn orúkọ kúrò, ká fi ìyókù síta. Mátíù ní, "Àwọn orúkọ ni ewì náà."

Kúnlé gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ Irẹ́na. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá pa á rẹ́, fídíò àkọ́kọ́ nìkan ló kù lọ́wọ́ àwọn tí kò wá. Èmi ni wọ́n á dìbò fún."

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Bí ọ̀rọ̀ bá sì jáde lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á ní torí ìbò ni mo ṣe pa á rẹ́."

"Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀."

Ó wo Mátíù tó ṣì wà lórí orúnkún. Ó pa fídíò náà rẹ́, ó ṣí ibi tí wọ́n ń kó ohun tí wọ́n parẹ́ sí, ó tún pa á rẹ́ níbẹ̀. Ó fi ojú fóònù han Mátíù kí òun náà rí i. Lẹ́yìn náà gbogbo wa tó wà níbẹ̀ ṣèlérí pé a ò ní sọ ohun tí a gbọ́. Irẹ́na ló ṣèlérí kẹ́yìn.

Wọ́n dìbò. Àwọn tí kò wá sí ìpàdé ló pọ̀ jù, ohun tí wọ́n sì mọ̀ kò ju ẹnu tí aláṣẹ fi ko akéwì lẹ́rẹ̀kẹ́. Kúnlé wọlé.

A yanṣẹ́ lódì. Ẹ ti gbọ́ apá ibẹ̀ dáadáa: atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti odò Roding, àwọn awakọ̀ ńlá tó dé ẹnu géètì, tí wọ́n rí wa, tí wọ́n yí orí ọkọ̀ padà. Ohun tí ẹ ò gbọ́ ni pé Mátíù ń wá lójoojúmọ́. Kì í dúró láàárín wa. Ó máa ń dúró lápá ibi tí ọgbà náà parí sí, ó gbé pátákó tirẹ̀ dání. Àwọn kan á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Akígbe ọba! Kígbe ká gbọ́!" Nígbà mìíràn, ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀, á gbọ́ ọ, á sì wo ilẹ̀. Kí ni yóò sọ? Bó bá la ẹnu gbèjà rẹ̀, wọ́n á bi í pé báwo lo ṣe mọ̀. Èmi máa ń lọ dúró tì í. Ó ní lọ́jọ́ kan pé ẹsẹ̀ òun ń tutù ju ti ilé lọ, bẹ́ẹ̀ yìnyín ilé wọn ju tiwa lọ fíìfíì.

Mánéjà gbà nígbẹ̀yìn. Kúnlé jókòó dojú kọ ọ́, kò yẹ̀. Wọ́n dá ìwé iṣẹ́ padà sára ògiri, kí oníkálukú mọ ọjọ́ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ẹ ń jẹ lónìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ̀jẹ́ńsì gbé wá kò sí nínú àdéhùn náà. A fẹ́, wọn ò gbà. Nígbà tí géètì ṣí, ẹ̀jẹ́ńsì kò pe Mátíù mọ́.

Ó rí iṣẹ́ sí ìlú kan létí òkun, lápá àríwá. Kó tó lọ, ó ní kí n jẹ́ ká rìn díẹ̀. A lọ sí pápá tó wà lápá Eastbrook, a yí adágún omi ibẹ̀ ká. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń tẹ̀ lé wa, wọ́n rò pé a mú búrẹ́dì dání.

Ó ní, "Ṣé màmá sọ fún ọ pé òun ṣì ń kà á?"

"Lábẹ́ aṣọ ìbora, ó ní. Ó ní òun ti mọ̀ pé èèyàn ni wọ́n, kò sì burú, àwọn ni wọ́n nílò àdúrà jù."

Ó rẹ́rìn-ín, èyí dé ojú rẹ̀. Ó ní, "Sọ fún un kó má dákẹ́. Èmi ti ń gbàgbé. Láàárọ̀ àná, mo wá orúkọ kan, mi ò rí i. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti lọ bèèrè."

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò fẹ́ kí a tún orúkọ tiyín ṣe lọ́jọ́ kan?"

Ó dúró. "Mo fẹ́ ẹ gan-an," ló wí. "Má rò pé mi ò fẹ́ ẹ."

Òtútù tó kọjá yìí ni Irẹ́na pè mí. Mátíù ti kú, nínú yàrá tó gbà lẹ́bàá òkun yẹn. Onílé ló rí i. Irẹ́na ka ohun tí àwọn ará ìlú rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Àwọn ará ilé ní ọ̀dàlẹ̀ kan kú sí òkèèrè. Àwọn tó wà lókèèrè ní akígbe aláṣẹ ti kú. Apá méjèèjì fi àwòrán kan náà sí i, èyí tí wọ́n ti ń fi ẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́. Irẹ́na ní, "Délé, ẹ̀gàn ni wọ́n kọ kún inú rẹ̀, mo sì mọ ewì náà, mi ò lè sọ." Ó sunkún títí fóònù fi gé.

Bí mo bá gbé e lé orí ìwọ̀n, àǹfààní wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Ìyá ọlọ́mọ kan ń sùn di òwúrọ̀ nítorí ìjà yẹn. Kúnlé di akin, ó sì tọ́ sí i. Kò fi ọjọ́ náà yangàn rí, kò sì fi gbèjà ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n ní ojúkòkòrò ipò ló gbé e dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n akéwì kan gbé láàárín wa, a jẹ́ kí ó lọ bí ẹni tí kò ní ará. Ogun ọ̀hún kò tíì tán nínú ilé àwọn tó ń pè. Títí tí àwọn tó wà lájà yóò fi jáde síta láìbẹ̀rù, ewì náà kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu bọ́ sórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni a ò gbọdọ̀ gba orúkọ Mátíù là lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Màmá Ẹ̀bùn ti dàgbà púpọ̀. Ó ti ń fi ewì náà sí mi lẹ́nu, mo máa ń lọ jókòó tì í ní Goresbrook, á pè é, mo máa gbè é. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ní kí n wá ẹni tó kéré sí mi mú wá, ẹni tí etí rẹ̀ mọ́, tí ẹnu rẹ̀ sì lè pa àṣírí mọ́; ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ fún yín.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, bí wọ́n bá ń bú ọkùnrin náà lójú rẹ, tí ẹ̀rí tó lè dá a láre wà lórí ahọ́n rẹ, tí o sì ní láti gbé e mì lójoojúmọ́ títí àwọn ẹni ẹlẹ́ni yóò fi bọ́ nínú ewu, ṣé wàá bá mi lọ jókòó ti màmá?